Àwọn Ọ̀pá Tí Kò Sẹ́ni Tó Tò Wọ́n

Ẹ súnmọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn bí ọ̀rọ̀ àwọn ìlà aláwọ̀ ewé yìí ṣe jẹ́. Ó pẹ́ tí ẹ ti ń bi mí. Ẹ ń rí i tí mò ń gbé wọn síbí, tí wọ́n ń gùn, tí wọ́n ń kúrú, tí wọ́n ń kọlu ara wọn. Ẹnì kan tilẹ̀ béèrè bóyá àpẹẹrẹ áńkárá tuntun ni mò ń yà. Rárá o. Inú ewé ni wọ́n wà. Wọ́n wà nínú èmi náà, àti nínú ìwọ tó ń kà á.

Ibi tó ti mú mi nìyí. Mo jókòó sórí àga ìtọ́jú ní ọsibítù, oògùn jẹjẹrẹ ń kán wọ ara mi láti inú ọ̀rá. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, nígbà tí mò ń di bọ́tìnnì, ìka mi kò mọ̀ pé òun di nǹkan kan mú. Mo ní láti máa fi ojú wá ọwọ́ ara mi. Ẹsẹ̀ mi náà ń ṣe bí ẹni pé mo wọ ìbọ̀sẹ̀ nígbà tí n kò wọ nǹkan kan.

Nọ́ọ̀sì náà, ọkùnrin ará Íńdíà kan tí kì í kánjú, jókòó tì mí. Ó ní oògùn yẹn ló fà á. Ó ní àwọn ọ̀pá tín-ín-rín kan wà nínú iṣan tí a fi ń mọ nǹkan lára, tí ara ń gbé ẹrù gba orí wọn bí ọkọ̀ ojú irin ṣe ń gba orí irin. Ọ̀pá wọ̀nyí kì í dúró lójú kan. Wọ́n ń gùn, wọ́n ń kúrú, nígbà gbogbo. Oògùn náà á dì wọ́n mú, kò ní jẹ́ kí wọ́n kúrú mọ́. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kò ní lè pín sí méjì, ohun tí a sì ń fẹ́ nìyẹn. Àmọ́ iṣan ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á fara gbá nínú rẹ̀.

Ó wá fi kún un, bí ẹni tó kàn ń sọ̀rọ̀ kí àsìkò lè lọ, pé ara èèpo igi ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí oògùn náà, àti pé àwọn ewéko fúnra wọn ní irú ọ̀pá yẹn nínú.

Ewéko? Mo mú fóònù. Kí oògùn tó kán tán, mo ti rí fídíò kan tí wọ́n yà nínú sẹ́ẹ̀lì ewé. Ilẹ̀ dúdú, ìlà aláwọ̀ ewé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n fọ́n ká bí ìgbálẹ̀ tí okùn rẹ̀ já. Nígbà tó máa fi parí, gbogbo wọn ti kọjú sí ọ̀nà kan náà, bí irun tí a fi òòyà yà. Mo wá ẹni tó tò wọ́n. Kò sí. Kò sí ọ̀gá, kò sí àárín kan tí àṣẹ ti ń wá. Mo tún un wò. Mo tún un wò. Nọ́ọ̀sì wá yọ abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi, n kò mọ ìgbà tó yọ ọ́.

Ẹ̀yin tó mọ̀ mí mọ̀ pé aránṣọ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù kan ní High Road ní Chadwell Heath, nílùú òyìnbó níbí, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mò ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò, mò ń pààrọ̀ síìpù, mò ń fún ẹ̀wù ìyàwó tó fẹ̀ jù. Iṣẹ́ ìka ni. Nígbà tí mo padà síbi iṣẹ́ lẹ́yìn ìtọ́jú, abẹ́rẹ́ gún mi, aṣọ oníbàárà ló sọ fún mi, nítorí mo rí ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ kí n tó mọ̀ pé tèmi ni. Ọ̀gá mi ní kí n lọ sinmi títí ọwọ́ á fi padà. Dókítà ní ó lè padà, ó sì lè má padà tán.

N kò sunkún. Ohun tí èèyàn kò mọ̀ nípa kí ìka kú ni pé kì í mọ sí ìka. Wọ́n ní wọn kò rí jẹjẹrẹ mọ́, gbogbo ilé ń yọ̀, Ayọ̀ ọmọ mi pè láti yunifásítì ó ń sunkún ayọ̀, èmi jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń sọ ìròyìn ẹlòmíràn fún. Mo ní, a dúpẹ́. Mo lọ fọ abọ́. Omi náà gbóná tàbí ó tutù, n kò lè sọ.

Nítorí náà, mo ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ọ̀pá. Kí ni n bá tún máa ṣe? Tábìlì ìránṣọ mi wà lójú fèrèsé, mo ń rí igi Parsloes Park lókèèrè. Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sọ̀kalẹ̀, mo gbé kọ̀mpútà síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ ní ṣókí. Ẹ má gbà mí gbọ́, n kì í mọ ṣókí lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é ni microtubule. Ọ̀pá oníhò ni. Tí ẹ bá to nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, gbogbo rẹ̀ kò ní fẹ̀ ju fọ́nrán irun kan lọ. Nínú sẹ́ẹ̀lì ewé, wọ́n ń sùn pẹrẹsẹ lábẹ́ awọ sẹ́ẹ̀lì, wọn kì í gbéra kúrò níbẹ̀. Orí wọn ń gùn, ìdí wọn ń kúrú díẹ̀díẹ̀. Nígbà mìíràn orí náà á ṣàdédé túká, ọ̀pá á sì sáré kúrú, bóyá títí tó fi parẹ́.

Kí ni ìwúlò pé wọ́n tò? Ọ̀nà tí ọ̀pá bá kọjú sí ni sẹ́ẹ̀lì máa ń hun okùn ara ògiri rẹ̀ sí. Ẹ mú ìrọ̀rí kan, ẹ fi ìgbànú púpọ̀ dì í yíká, kí ẹ wá máa ki òwú sínú rẹ̀. Kò lè fẹ̀ mọ́, àfi kó gùn. Bí ewéko ṣe ń ga nìyẹn. Tí ọ̀pá bá fọ́n ká, sẹ́ẹ̀lì á kàn wú bí bọ́ọ̀lù.

Ta ló wá ń tò wọ́n? Ìkọlù ni. Tí ọ̀pá kan bá fẹ̀gbẹ́ kan èkejì, tí igun tó wà láàárín wọn kò ju bí ogójì dìgírì lọ, á tẹ̀, á máa bá èkejì rìn, bí ọkọ̀ ṣe ń ti ẹ̀gbẹ́ wọ títì márosẹ̀ A13. Òfin kìíní nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ó dábùú lọ kọlù ú gbọnrangandan, ó lè gun orí rẹ̀ kọjá, ó sì lè túká níbẹ̀ kó kúrú padà. Òfin kejì nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé òfin kejì yẹn.

Mo kọ́ èdè kọ̀mpútà láti orí fídíò. Ojú ni mo fi ń tẹ lẹ́tà, nítorí ìka mi kì í mọ̀ bóyá ó ti tẹ ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Mo ya àpótí onígun mẹ́rin kan sínú kọ̀mpútà, mo fọ́n ọ̀pá sínú rẹ̀, mo fún wọn ní òfin méjèèjì. Ọ̀pá tó bá jáde lápá ọ̀tún á wọlé padà lápá òsì, èyí tó bá jáde lókè á wọlé nísàlẹ̀. Báyìí ni ọ̀pọ̀ àwa tó ń ṣe irú nǹkan yìí ṣe ń ṣe é, kí àpótí kékeré lè dúró fún ilẹ̀ tó tẹ́jú lọ. Tèmi kéré gan-an, torí kọ̀mpútà mi ti gbó. Bàbá Ayọ̀, ọkọ mi, tó jẹ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì, máa ń sọ pé tí òun bá gbọ́ ariwo fáànù rẹ̀, ó ń ṣe òun bíi pé ọkọ̀ òfurufú fẹ́ balẹ̀ sí pálọ̀.

Nọ́ńbà kan wà tí a fi ń wọn bí wọ́n ṣe tò sí. Òdo ni tí wọ́n bá fọ́n ká pátápátá. Ẹyọ kan ni tí gbogbo wọn bá kọjú sí ọ̀nà kan náà láìku ẹnì kan. Àpótí mi fún mi ní 0.93. Mo wò ó. Wọ́n tò gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ìlà aṣọ òfì.

Mo wá ṣe nǹkan kan. Mo yọ òfin kejì kúrò, pé kí ẹnikẹ́ni má túká mọ́ nítorí ìkọlù, kí iṣẹ́ lè yá kọ̀mpútà. Nọ́ńbà náà kò yẹsẹ̀. 0.93. Ohun tí mo ti ń kà láti ọjọ́ yìí ni pé òfin kejì ló gbé ẹrù tó pọ̀ jù. Tèmi ń sọ pé kò tilẹ̀ wúlò. Ṣé ẹ rí ohun tí mo rò pé mo ti rí?

Mo gbé e sórí pápá ìjíròrò kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn tó fẹ́ràn nǹkan báyìí máa ń wà. Dókítà Ingrid dá mi lóhùn, obìnrin kan tó ní lábù ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Kò fojú kéré mi, kò sì pọ́n mi. Ó béèrè ìbéèrè tó dá ṣáká, ó wá ní kí n wá fi han ẹgbẹ́ òun níbi ìpàdé wọn orí fídíò lọ́sàn-án Tuesday. Ó ní tí ọ̀rọ̀ mi bá dúró, a máa jọ ṣiṣẹ́, òun á sì fún mi ní àwọn fíìmù lábù tí wọn kì í fún ará ìta.

Mo ti mọ ohun tó wà nínú àwọn fíìmù yẹn. Ó ti sọ ọ́ níbì kan. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ sẹ́ẹ̀lì ewé tí wọ́n da oògùn sí, oògùn èèpo igi yẹn gan-an, èyí tí wọ́n fi sí mi lára.

N kò wá òkìkí, mo bẹ̀ yín. Fíìmù yẹn ni mo fẹ́. Mo fẹ́ fi ojú mi rí ohun tí oògùn yẹn ń ṣe nígbà tó bá dé bá ọ̀pá. Wọ́n ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, mo ti kà á, síbẹ̀ ó dà bí ìgbà tí wọ́n sọ fún èèyàn pé wọ́n wọ ilé rẹ̀ nígbà tí kò sí nílé. Èèyàn á fẹ́ rí ẹni tó wọlé.

Sunday tó ṣáájú Tuesday náà, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Aláṣọ funfun ni wá. Ilé ìkẹ́rù kan ní Castle Green ni a ń lò, ẹ̀yìn rẹ̀ kọ sí A13. Ẹ mọ̀ pé tí a bá ti wọ sùtánà, a kì í wọ bàtà. Nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ rìn láìwọ bàtà mọ́, torí ìgò lè gé mi kí n má mọ̀. Ìyá Ìjọ ló dá ẹjọ́ náà. Ó ní ìbọ̀sẹ̀ kì í ṣe bàtà, kí n wọ méjì lórí ara wọn, kí ẹni tó bá ní ẹnu wá bá òun. Kò sí ẹni tó ní ẹnu.

Ìlà-oòrùn ni pẹpẹ wa máa ń kọjú sí, a kì í gba ọ̀nà mìíràn. Ilé ìkẹ́rù yìí ńkọ́? Ẹni tó kọ́ ọ kò ro tiwa. Nígbà tí a gbà á, Bàbá Olùṣọ́ fi fóònù wá ìlà-oòrùn, igun ilé ló bọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe gbé pẹpẹ síbẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo àga wa dá gbùú sí ògiri, láti igun dé igun. Kọ̀rọ̀ tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ni wọ́n ń kó kẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́ sí.

Lọ́jọ́ yẹn, Brother Tósìn ló gba iṣẹ́ títo àga. Ó ń wa ọkọ̀ tó ń kó ẹrù dé ilé àwọn èèyàn, kò tíì pẹ́ tó dara pọ̀ mọ́ wa. Ó ti to àga náà dáadáa, wọ́n gún régé, wọ́n bá ògiri dọ́gba, ó ń nu ọwọ́. A ti jókòó. Bàbá Olùṣọ́ wọlé, ó dúró.

"Tósìn."

"Sà."

"Ta ló to àga báyìí?"

"Èmi ni, Bàbá. Mo rí i pé wọ́n wọ́, mo bá tún un ṣe."

"Ta ní kó o tún un ṣe?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, sà. It just looked straight. Ògiri ni mo kàn tẹ̀lé."

"Ògiri." Bàbá wo ògiri náà. "Tósìn, ṣé ògiri là ń bọ níbí ni?"

"Rárá, sà."

"O ti yí gbogbo wa kojú sí A13. Ṣé inú lọ́rì ni olùrànlọ́wọ́ wa ti ń bọ̀ ni?"

Ìyá Ìjọ ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé ẹni tó ń gbé ẹrù kiri kò ní ṣàì ro ti lọ́rì. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì rẹ́rìn-ín. Tósìn náà rẹ́rìn-ín. A dìde, a bẹ̀rẹ̀ sí í yí àga padà.

Èmi di àga kan mú, n kò yí i. Mo ń wo ọwọ́ mi lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán Tósìn. Lóòótọ́ ni, kò purọ́. Síbẹ̀ ohun kan ló tò ó. Mo ń ronú pé nínú gbogbo ìgbà tí mo ti fọ́n ọ̀pá sínú àpótí mi, èwo ni ọ̀nà tí wọ́n kọjú sí? Òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà mìíràn, ọ̀tún dé òsì. N kò rí i kí wọ́n dá gbùú rí. Tó bá jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló ń pinnu, kí ló dé tí wọ́n fi ń yan ohun tí ògiri àpótí yàn?

"Ìyá Ayọ̀, ṣé ẹsẹ̀ ni?" Ìyá Ìjọ ti dé ẹ̀gbẹ́ mi.

Mo ní rárá, mà, kì í ṣe ẹsẹ̀.

Mo dé ilé, n kò bọ́ sùtánà. Mo sọ àpótí náà di ńlá, kí ó gbòòrò jìnnà ju ibi tí ọ̀pá kan ṣoṣo lè dé lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà lè jáde lápá kan kó wá bá ìrù ara rẹ̀ lápá kejì. Nínú àpótí kékeré, ọ̀pá tó dá gbùú á yí ká, á padà wá kọlu ara rẹ̀ àti àwọn yòókù. Èyí tó lọ gbọọrọ á yí ká wọ ojú ọ̀nà ara rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa dí i lọ́wọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Èmi kọ́ ni mo kọ òfin ìyẹn, àpótí ló ń ṣe é.

Kọ̀mpútà ń pariwo títí dìgbà tí a jẹun tán. Mo lọ wò ó. 0.17.

Ìgbálẹ̀ tí okùn rẹ̀ já. Èyí tí mo fẹ́ lọ fi hàn wọ́n ní Tuesday, kò sí mọ́.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ bó ṣe rí lára mi? Kò rí bákan. Mo mọ̀ pé ó yẹ kó dùn mí. Mo dúró níbẹ̀, mo ń retí rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá fi ọwọ́ kan ìkòkò tó ń retí pé kó jó òun.

Bàbá Ayọ̀ wá béèrè ohun tó dé. Mo ṣàlàyé. Ó fara balẹ̀ gbọ́, ó máa ń gbọ́. Ó wá ní, "Kékeré yẹn ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà."

"Ó ṣì ń to dáadáa?"

"Ó ń to dáadáa."

"Fi ìyẹn hàn wọ́n jàre. Ṣé wọ́n máa wá wọn yàrá ni?"

"Wọ́n máa wọ̀n ọ́n, Bàbá Ayọ̀. Iṣẹ́ wọn nìyẹn."

"Tí wọn ò bá wá wọ̀n ọ́n ńkọ́?"

Mo ní nígbà náà wọ́n máa fún mi ní fíìmù, mo máa wò ó, mo sì máa mọ̀ pé ohun tí mo fi gbà á kì í ṣe òótọ́. Ṣé mo lè gba ohun tí mò ń wò gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn? Ó họ orí. Ó ní òun lọ gbé tíì wá.

Tuesday dé. Ojú mẹ́fà ló wà lórí kọ̀mpútà, mo rí i pé wọ́n ń rí aṣọ tó so rọ̀ lẹ́yìn mi. Mo fi àpótí kékeré hàn wọ́n. Wọ́n ní ó rẹwà. Mo wá fi ńlá hàn wọ́n. Ọ̀dọ́kùnrin kan nínú wọn rọra béèrè pé kí wá ni ohun tí mo fẹ́ kí àwọn gbà. Mo ní kò sí. Mo ní mo ti sọ pé òfin kejì kò wúlò, mo sì ti rí i pé ògiri àpótí mi ló ń bá a ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ohùn mi kò gbọ̀n. Kí ara kú náà ní ìwúlò tirẹ̀.

Dókítà Ingrid ní àwọn kan lábẹ́ òun ti já sínú kòtò yẹn rí, pé wọn kò tètè jáde. Ó ní kí n dá òfin kejì padà sínú àpótí ńlá, kí n jẹ́ kó sáré lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lọ́pọ̀ ìgbà. Tí wọ́n bá tò, kí n wo ọ̀nà tí wọ́n kọjú sí. Tó bá jẹ́ ọ̀nà kan náà nígbà gbogbo, ẹnì kan ṣì ń pàṣẹ níbì kan, kí n lọ wá a. Tó bá jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí n kọ̀wé sí òun. Kò mẹ́nu ba fíìmù. Èmi náà kò mẹ́nu bà á. Mo pa kọ̀mpútà, mo lọ jókòó sí Parsloes Park, mo ń wo ewé tí kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń fi òun ṣe wàhálà.

Mo dá òfin kejì padà. Ó pẹ́ gan-an kó tó yá kọ̀mpútà gbígbó yẹn. Mo máa ń tàn án sílẹ̀, mo máa ń lọ sọ́jà, mo máa ń padà bá a. Ọ̀pá tó bá lọ kọlu èkejì gbọnrangandan ń túká, ó ń kúrú, àyè rẹ̀ ń ṣí sílẹ̀, òmíràn ń hù síbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, àwọn tó bá àwọn púpọ̀ rìn ń pẹ́ láyé, àwọn tó ń dábùú ń lọ. Ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n tò, wọ́n dá gbùú sápá òsì. Ìgbà kejì, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn pẹrẹsẹ. Ìgbà kẹta, wọ́n dá gbùú sápá ọ̀tún, ibi tí ògiri kankan kò kọjú sí. Mo ń ṣe é lọ. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀nà tirẹ̀. Nígbà tí mo ro nọ́ńbà gbogbo wọn pọ̀ tí mo pín in dọ́gba, ó fún mi ní 0.81.

Ó kéré sí 0.93 àkọ́kọ́. Àmọ́ kò sẹ́ni tó tò ó.

Mo fi ránṣẹ́ sí Dókítà Ingrid. Èsì kò tètè dé, mo ti gbà pé ọ̀rọ̀ parí. Lọ́sàn-án Saturday kan, fíìmù dé. Ó kọ gbólóhùn kan péré pẹ̀lú rẹ̀: ó ní àpótí mi ti ṣe tán láti pàdé tòótọ́.

Mo pe Bàbá Ayọ̀. A jókòó sórí sófà, mo gbé kọ̀mpútà lé orí ìtìsẹ̀.

"Kí là ń wò báyìí?"

"Dúró."

Àwọn ọ̀pá náà ń ṣe bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ń gùn, wọ́n ń kúrú, gbogbo ojú ewé náà ń rìn wìnrìnwìnrìn. Lẹ́yìn náà, àmì kékeré kan hàn ní kọ̀rọ̀ pé oògùn ti wọlé. N kò rí i kó wọlé. Kò sí àwọ̀, kò sí ohun tó wó. Kìkì pé àwọn tó yẹ kó kúrú kò kúrú. Òmíràn ń hù, ó ń gùn, ó ń kọlu ara ẹnìkejì, ó ń dúró síbẹ̀. Wọ́n ń pọ̀, wọ́n ń nípọn, ìdákẹ́jẹ́ ń gba inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó máa fi parí, ó dà bí fọ́tò.

"Wọ́n ti kú ni?" Bàbá Ayọ̀ béèrè.

"Rárá. Wọn ò rí ọ̀nà lọ ni."

Ó fa ọwọ́ mi, ó tẹ ìka mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárín àtàǹpàkò rẹ̀ àti ìka kejì, bí ẹni tó ń wá ibi tí ẹ̀pà ti gbó nínú èèpo.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

"Mo rí i," mo ní.

Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀. Mo ti rò pé pípàdé ló ń tò wọ́n. Pípàdé nìkan kò tó. Àfi kí èyí tó ṣìnà rí àyè kúrò níbẹ̀, kí ohun tuntun lè hù sí ipò rẹ̀. Ẹ̀kọ́ kejì: tí nǹkan bá ń lọ déédéé jù, tí ẹ ò sì rí ẹni tó ń ṣe é, ẹ wo ògiri.

Ẹ̀yin tí irú oògùn yìí ti fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ yín sílẹ̀ báyìí, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí fún mi, bó ṣe ń ṣe yín àti ohun tí ẹ ń fi ọwọ́ yẹn ṣe. Ẹ má sọ fún mi pé yóò dára. Ẹ sọ bó ṣe rí. Àti ẹ̀yin tí ẹ dá kọ́ nǹkan láìsí olùkọ́, kí ni ohun tí ẹ ti gbà gbọ́ rí tó jẹ́ pé ògiri ló ń ṣe é fún yín? Mo máa ka gbogbo rẹ̀, mo ní àkókò.

Lánàá, mo pa kíkúrú nínú àpótí ńlá náà, bí oògùn ṣe ń pa á. Mo fi òfin yòókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, mo jẹ́ kó sáré dé òpin, lọ́pọ̀ ìgbà. Mo gbé àwòrán rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fíìmù, n kò tètè mọ èyí tó jẹ́ ewé nínú méjèèjì. Láti 0.81, nọ́ńbà rẹ̀ wálẹ̀ sí 0.24.